Ìròyìn Tí Mo Gbé Lọ sí Mótùhífà

Ọ̀pọ̀ nínú yín, ní Ìlobù àti ní Ìfọ́n, ló ti bi mí léèrè ohun tí mo lọ wá ní erékùṣù tí kò sí lórí máàpù tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Mo máa ń dáhùn pé mo lọ kí àna mi ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fi èyí tó pọ̀ jù pamọ́. Ó ti pẹ́ tí mo dé. Orí mi ti funfun, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù lọ ti fún mi láyè kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá ń retí iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi rìn àti orúkọ gbogbo èbúté tó yà sí kò ní rí i níbí. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀ nígbà náà, mo sì ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí mò ń bá kọ lẹ́tà

Ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, ọmọ Ìfọ́n ni. Èmi, ọmọ Ìlobù. Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, mi ò ní tún un sọ. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, àwọn ènìyàn mi ní ṣé ọmọbìnrin tán ní Ẹ̀rìn tó wà nítòsí wa ni. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní àwọn kò bímọ fún ará Ìlobù. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbè wá lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sùnmọ́nù, tí ìyá kan náà bí wọn. Ó dìde láàárín àwọn àgbà ilé, ó na ìka sí mi.

"Ọmọ Ìlobù ni lóòótọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tíṣà nìyí. Irú èyí lè gba oko lọ́wọ́ ta ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ti fún mi níyàwó.

Lẹ́yìn náà Sùnmọ́nù lọ sí Èkó, ó di òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun, ó ń kó èédú síná. Nígbà kan tí wọ́n wà lórí Òkun Pàsífíìkì, ibà dá a dùbúlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ sì gbé e sílẹ̀ ní erékùṣù tó sún mọ́ wọn jù lọ, Mótùhífà, ó bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Méré ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dìde. Ó fẹ́ Méré, ó sì dúró síbẹ̀.

Mótùhífà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká wà lábẹ́ Ṣílè, orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba tiwa, tí Faransé gba Dàhọ̀mì, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣílè rán ọkọ̀ ogun jáde láyé àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń ri àsíá mọ́ erékùṣù kan tẹ̀ lé òmíràn títí wọ́n fi dé àárín òkun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ wọn ń lọ síbẹ̀. Òun ló ń gbé lẹ́tà lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Ọmọ erékùṣù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ, wọn kì í sì í fún wọn. Sùnmọ́nù tó ti fẹ́ ọmọ wọn ti di ọ̀kan nínú wọn.

Àṣàkẹ́ kò mọ̀wé kọ. Ní ọ̀sán Sátidé tí a bá ti jẹun tán, á jókòó tì mí, á máa sọ, èmi á máa kọ.

"Kọ ọ́ pé òmùgọ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ mà nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ òmùgọ̀. Ẹni tó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, tó wá lọ fìdí kalẹ̀ sáàárín omi. O ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Kà á kí n gbọ́. Mo mọ̀ ọ́, o máa ń bu omi là á."

Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú Àṣàkẹ́ lọ, nígbà òjò. Ìwọ̀nba tí mo lè kọ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé mo fẹ́ kọ̀wé sí Sùnmọ́nù, Baba Àgbà ilé wọn di ọwọ́ mi mú. "Má kọ ọ́ síwèé," ó ní. "Ẹni tó wà lẹ́yìn odi tó gbọ́ òfò, ta ni yóò dì í mú? Ta ni yóò gbà á níyànjú pé ó tó? Ṣé inú bébà ni kí ó ti gbọ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ kò sí mọ́?"

"Kí wá ni kí n ṣe, Baba?"

"Máa kọ ọ́ bí o ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ."

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí ní ìlú wa tí yóò yà á lẹ́nu. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo gbà, mo sì kọ ọ́. Ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà Àṣàkẹ́ kò yí padà, nítorí náà kò sí ohun tó lè fura sí. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ ní ọdún mẹ́ta, ní orúkọ ẹni tí mo ti fi ọwọ́ mi bu iyẹ̀pẹ̀ sí lára. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ń kọ ẹ̀kẹta, mi ò ní láti ronú kí n tó mọ ohun tí ì bá sọ. Gbólóhùn rẹ̀ ń wá fúnra wọn.

Lọ́dún kẹta yẹn wọ́n rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ síwájú ní ìlú Ọba. Ibẹ̀ ni èsì Sùnmọ́nù ti bá mi. Ó ní òun bí ọmọbìnrin kan, pé àwọn ará ibẹ̀ ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òun kò tíì fún un ní orúkọ ilé. Ó ń dúró de Àṣàkẹ́ kí ó fún un ní orúkọ.

Mo lè bú ẹ̀gbọ́n ní orúkọ òkú. Mi ò lè fi orúkọ òkú sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ mi parí, mi ò gba ilé lọ.

Ilé opó ní Ṣílè

Ìlú èbúté ni mo ti dúró de ọkọ̀ erékùṣù. Orí òkè ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé sí, ọ̀kan lé èkejì lórí. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò le. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé mi lọ síbi gbogbo fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n rí i pé n kò ṣe nǹkan kan tó pa ẹ̀rín, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Opó kan ni mo wọ̀ sílé rẹ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń túmọ̀. Ọbẹ̀ àgbàdo tútù àti ẹran ló máa ń gbé fún mi, kò sì ní jẹ́ kí n dìde títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá mo ní ìyàwó.

Mo ní, "Ó ti kú."

Bí mo ṣe sọ ọ́, ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó láti sọ fún àlejò. Ó wo kóòtù mi aláwọ̀ eérú.

"Ìyá mi ní aṣọ dúdú yín dà?" ni ọmọ rẹ̀ wí.

Mo ní ó ti lé lọ́dún mẹ́ta.

"Ìyá mi ní ikú ọkọ òun di ọdún kẹfà, òun kò sì tíì bọ́ aṣọ dúdú." Ìyá rẹ̀ tún sọ̀rọ̀. "Ó ní ṣé ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

N kò bínú. Mo gbé ọbẹ̀ mi, mo mu ún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu ẹran tí èmi àti ọmọ rẹ̀ ì bá pín fún èmi nìkan.

Ní ọ́fíìsì tí mo ti lọ gba ìwé àṣẹ, ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe ní Mótùhífà. "Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju àgùntàn àti àwọn olórí kunkun lọ. Ṣùgbọ́n tiwa ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oko àkùrọ̀ rẹ̀. Ó tún ní, "Ta ló ni yín, ẹ̀yin?"

"Gẹ̀ẹ́sì."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti tètè bẹ̀rẹ̀. Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

"Mo gbọ́ pé Sípéènì ló ni ẹ̀yin náà tẹ́lẹ̀."

"A lé wọn!" Ó fi ọwọ́ lu àyà.

"Ẹ wá lọ wá tiyín."

Ó wò mí, ó tún wo ìwé mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà ni yín lóòótọ́." Ó tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ yóò lò níbẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kó fi mí sílẹ̀ lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lórí òkúta

Kò sí èbúté ní Mótùhífà. Ọkọ̀ ńlá dúró lókèèrè, ọkọ̀ kékeré gbé wa wá síbi òkúta dúdú kan, a sì fò sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló wà létí omi, nítorí ọjọ́ ọkọ̀ ni ọjọ́ ńlá wọn. Láàárín wọn mo rí fìlà abetí ajá kan, tí òjò àti oòrùn ti sọ di aláìláwọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta yẹn pẹ̀lú kóòtù mi.

Ṣọ́jà kan sáré sí mi. Ó rò pé òòyì òkun ló gbé mi ṣubú. Ó yí mi padà, ó da omi ìgò rẹ̀ sí mi lójú, ó ń gbá mi létí, ó ń pe èkejì rẹ̀ pé kó wá. Mo ń gbọ́ Sùnmọ́nù tó ń pariwo ní èdè Sípéènì, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la àwọn ènìyàn kọjá.

"Fi í sílẹ̀! Kò kú! Àna mi ni, ó ń kí mi ni!" Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, omi ń kán ní imú mi. "Dìde, ọmọ Ìlobù. Wọ́n ti ṣe ọ́ ní ìrìbọmi ẹlẹ́ẹ̀kejì." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Yorùbá rẹ̀ ti dógùn-ún. Ó máa ń dúró láàárín gbólóhùn, á máa wá ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn adìyẹ òun nìkan ni òun ń bá sọ ọ́, wọ́n sì ti gbọ́ ọ ju ìyàwó òun lọ.

"Baba Àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Àwọn ará ilé?"

"Gbogbo wọn ní kí n kí yín."

"Àṣàkẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jà?"

Mo ti ń ronú sí ìdáhùn yìí láti ìlú Ọba. Bí àwa ṣe ń ṣe é, a kì í já irú rẹ̀ lu ènìyàn ní ìdúró. A ó jẹ́ kó jẹun, a ó jẹ́ kó sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì àwọn àgbà ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wá. Èmi ni àgbà, èmi náà ni òjíṣẹ́.

"Ó wà," mo ní.

Ìdí ògiri

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, Méré kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, olóríburúkú." Sùnmọ́nù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti sọ fún un pé bí a ṣe ń kí àna wa nìyẹn.

Kí n tó jókòó, Méré di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó bi mí ní nǹkan ní èdè wọn. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ń béèrè bóyá gbogbo ilé wà," ni Sùnmọ́nù wí. "Àṣà wọn ni. Sọ pé àlàáfíà ni kí a lè jẹun."

"Àlàáfíà ni," mo ní. A jẹun.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á to òkúta gbígbóná sí i, wọ́n á kó ẹja, ọ̀dùnkún àti kókò lé e, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ó ń dùn, ṣùgbọ́n kò ní ata. Wọ́n ní iṣu, Sùnmọ́nù sì ń fi òkúta etí òkun gún un. Iyán náà ní kókó, ó sì ní yanrìn díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Bí o bá kọ̀ láti gbà lẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀, wọ́n á rò pé o bá wọn jà.

Ẹ̀yìn ìlú ni ògiri òkúta kan wà tó lọ láti etí òkun kan dé èkejì. Géètì kan ló ní, ṣọ́jà sì wà níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó kù ní erékùṣù náà, àgùntàn àwọn ará Ṣílè ló ni ín. Oko àwọn ènìyàn ibẹ̀ wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, ibojì baba wọn sì wà lọ́hùn-ún títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò gba ìwé, yóò sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Sùnmọ́nù mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó lórí ògiri, ó ń wo òdìkejì.

"Ojoojúmọ́ ló ń wá," ni Sùnmọ́nù wí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni àwọn igi tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Tíṣà, àwa àti ẹ̀yin ń jà lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀. Ó kéré tán, a lè dé ibi ìjà."

Olùkọ́ wọn pè mí wá sí ilé ìwé. Ọmọ ogójì dìde, wọ́n ka orúkọ àwọn odò Ṣílè fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí odò kankan ní Mótùhífà. Omi òjò ni wọ́n ń mu. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn, ojú sì ń tì mí, nítorí mo rántí ọdún tí mo na ọmọ kan ní Ìlobù torí kò mọ odò tó ṣàn gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Mo bi wọ́n ní orúkọ òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo olùkọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Èdè wọn ni orúkọ náà, wọn kì í sì í sọ ọ́ nínú kíláàsì.

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ mo máa ń sọ fún ara mi pé lónìí ni, tó bá ti jẹun tán. Bó bá jẹun tán, á mú nǹkan tuntun jáde tó fẹ́ kí n gbé lọ fún Àṣàkẹ́: ẹní kan, ẹ̀gbà ọrùn tó fi ìkarahun ṣe, fìlà koríko kan tó ní kò ní fẹ́ dé ṣùgbọ́n òun fẹ́ kó máa bú òun nítorí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń rìn, ó máa ń wá dì mọ́ orúnkún mi.

"Orúkọ tí Àṣàkẹ́ fi rán ọ, má tíì sọ ọ́," ni Sùnmọ́nù wí. "Jẹ́ kó ku ọ̀la tí ọkọ̀ máa lọ. A ó pe ènìyàn."

Àwọn tó dì í mú

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Sùnmọ́nù lọ ran àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ lọ́wọ́. Èmi àti Méré wà ní àgbàlá, a ń bó ọ̀dùnkún. Ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, irú ti àwọn atukọ̀, tí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Kò gbé ojú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò ọkọ mi. Ó ti kú."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

"Bó bá ti dárúkọ rẹ̀, ò ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní. Mo rò pé bóyá ó ń ṣàìsàn ni. Kì í ṣe àìsàn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dìde. N kò tíì rí obìnrin tó bínú bẹ́ẹ̀ láìgbé ohùn sókè. "Mo di ọwọ́ rẹ mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, ta ló kú lẹ́yìn rẹ? Gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ni à ń bi. Yóò dárúkọ òkú rẹ̀, a ó bá a sunkún, lẹ́yìn náà ni a ó jẹun. O ní kò sí. Ọjọ́ márùn-ún lo fi jẹun nínú ilé mi, òkú sì wà lẹ́nu rẹ."

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí ìbéèrè ọjọ́ kìíní túmọ̀ sí. Sùnmọ́nù ti gé e kúrú fún mi nítorí ebi ń pa á. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní nílẹ̀ wa, a kì í já a lu ẹni tó dá wà. A máa ń bẹ̀rù pé kò ní rí ẹni tí yóò dì í mú.

"Ẹni tí yóò dì í mú," ó ní. Ó tún un sọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ yé. "Ọkọ mi?"

Ó jáde sí títì, ó pe orúkọ kan, ó pe òmíràn. Kò pariwo. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, àgbàlá ti kún. Ìyá rẹ̀ wá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin wá pẹ̀lú omi òkun lára, arúgbó orí ògiri wá, obìnrin tí òun àti Méré kò kí ara wọn láti ìgbà Àjíǹde náà wá. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọn kò bi ara wọn ní nǹkan kan.

Sùnmọ́nù dé pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun léjìká. Ó rí wọn, ó dúró. Ó mọ ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ́. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi ojú wá ẹni tó ṣàìsí láàárín wọn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wọn pé. Ó wá wò mí.

"Tíṣà."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún ara yín ní okun. Àṣàkẹ́ ti fi wá sílẹ̀."

Àpò náà bọ́. "Ìgbà wo?"

"Ọdún kẹta ti kọjá."

"Ọdún kẹta?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rí àṣìṣe nínú ìṣirò ọmọdé. "Lẹ́tà ńkọ́? Mo gba lẹ́tà rẹ̀ ní èṣí."

"Èmi ni."

Bóyá ó fẹ́ lù mí, bóyá ó fẹ́ ṣubú, n kò mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Méré ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Méjì dì í lápá, ìyá Méré gbé orí rẹ̀ sí àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, gbogbo àgbàlá sì gbé ẹkún tó dà bí orin, tí ẹnì kan á gbà lẹ́nu ẹnì kejì. Àárín rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Sùnmọ́nù ti ń wá láti ọjọ́ tí mo dé ló rí lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó.

Ẹnì kan wá jókòó sí ẹ̀yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi láàárín ẹ̀yìn. Obìnrin àgbà kan ni, n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ní ilé, nígbà tí Àṣàkẹ́ kú, ọkùnrin ni mí, tíṣà ni mí. Mo jókòó lórí àga, mo ń dáhùn gbogbo ẹni tó wá kí mi. Ọwọ́ obìnrin yẹn kò kúrò. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi sun gbogbo ẹkún mi tán.

Èwo ni tirẹ̀

Sùnmọ́nù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò lọ. Mo ti di ẹrù mi láàárọ̀, mo sì ti gbà pé ohun tí mo wá ṣe ni mo ti ṣe yẹn, bóyá ó bá mi sọ̀rọ̀ tàbí kò bá mi sọ ọ́. Ó wá jókòó níwájú mi pẹ̀lú agolo bísíkíìtì kan. Gbogbo lẹ́tà wà nínú rẹ̀.

"Yà á sọ́tọ̀," ó ní. "Èwo ni tirẹ̀, èwo ni tìrẹ?"

Mo yọ mẹ́ta jáde. Ọwọ́ kan náà, ìǹkì kan náà. Ó mú wọn, ó ń kà wọ́n, ètè rẹ̀ ń mì.

"Èyí tó ní kí n yé mutí. Pé ìyá wa kò bí ọ̀mùtí."

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Èyí tó ní kí n lọ bẹ Méré, pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé ojú mi ló le."

"Èmi ni."

"Mo lọ bẹ̀ ẹ́." Ó ká lẹ́tà náà. "Mo sì yé mutí."

Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orúnkún.

"Tíṣà, mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Èmi, ọmọ Ìfọ́n, mo gbọ́ràn sí ọmọ Ìlobù lẹ́nu fún odidi ọdún mẹ́ta." Nǹkan kan ti ń yí padà lójú rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nílé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè dì í mú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, Méré sì yọjú wá wò wá bóyá a ti ya wèrè.

Ó di àwọn lẹ́tà padà sínú agolo. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ó kó gbogbo wọn pọ̀. "Orúkọ ọmọ ńkọ́? Àbí kò sí?"

"Kò sí. Ìyẹn gan-an ló mú mi wá. N kò lè sọ ọmọ yín lórúkọ ní orúkọ Àṣàkẹ́."

"Nígbà náà, sọ ọ́ ní orúkọ tìrẹ."

"Ẹ̀yin ni baba rẹ̀."

"Èmi ni baba rẹ̀, èmi ni mo ní kí o sọ ọ́. Tètè, ọkọ̀ ń dúró."

Mo gbé ọmọ náà lé orúnkún. Mo pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún. Sùnmọ́nù sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún Méré, Méré gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gé e sí Rẹ̀mí. Ọmọ náà kò bìkítà, bọ́tìnnì kóòtù mi ló ń jẹ.

Ilé

Wọn kò jẹ́ kí Sùnmọ́nù tẹ̀ lé mi dé inú ọkọ̀ kékeré. Ṣọ́jà tó da omi sí mi lójú ló na ọwọ́ dí i lọ́nà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sùnmọ́nù ní kí n máa kọ̀wé. Mo ní n ó máa kọ ọ́. Ó ní, "Ní orúkọ ara rẹ, kódà bí kò bá dùn." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó yára gbá mi mú lápá, ó ní òun kò ní omi tí òun ó tún fi ṣòfò.

N kò rántí ohun púpọ̀ nípa ìrìn àbọ̀ náà ju pé mò ń sùn lọ. Bí mo bá jẹun tán, mo ń sùn. Atukọ̀ kan rò pé mo ń ṣàìsàn.

Nígbà tí mo dé, Ìfọ́n ni mo kọ́kọ́ lọ kí n tó wọ Ìlobù. Mo jókòó ti Baba Àgbà, mo ka orúkọ gbogbo àwọn tó wá sí àgbàlá náà fún un, bí mo ṣe lè rántí wọn. Baba ní kí n tún wọn kà. Ó fẹ́ máa fi wọ́n sínú àdúrà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà tí mo ṣèlérí. Mi ò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó jókòó tì mí. N kò bú u, n kò gbà á níyànjú. Mo kọ ọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀, pé iṣu ọdún yìí yóò ta, pé àwọn àgbà ìlú méjèèjì tún ti lọ sí Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ ààlà, wọ́n sì tún ti padà dé láìyanjú rẹ̀. Nísàlẹ̀ mo kọ ọ́ pé ara mi le, pé mò ń sùn dáadáa. Gbogbo lẹ́tà ló máa ń ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Mo ka eléyìí lẹ́ẹ̀kejì kí n tó pa ápòòwé dé, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Mo bu orúkọ mi sí i, mo mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.